Oòrùn Ẹ̀pẹ́ àti Átọ́ọ̀mù Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje, 2025

Òjò láti àná. Iná ò sí. Àwọn wáyà ńláńlá tó ń gbé iná lọ sí Èkó gba orí òrùlé wa kọjá níbí, ní Ìjẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kùn bí oyin, àwa tí a wà lábẹ́ wọn ń wá àbẹ́là. Ó yẹ kó ti mọ́ mi lára. Kò mọ́ mi lára.

Rédíò láàárọ̀: ìjọba tún fẹ́ gbé sólà dé àwọn ọjà àti ilé ìwòsàn. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń polówó àgbo. "Oòrùn Ọlọ́run, ọ̀fẹ́ ni!" Mo pariwo mọ́ rédíò pé, átọ́ọ̀mù ńkọ́? Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná, ó ní ṣé rédíò náà dáhùn.

Kò dáhùn. Fíṣíìsì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Ìkòròdú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìwọ̀nba yuréníọ̀mù tó lè wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ kan á tan iná fún ìlú kékeré fún ìgbà pípẹ́: lójò, lẹ́ẹ̀rùn, lọ́sàn-án, lóru. Sólà ńkọ́? Kí ìkùukùu kan ṣáà kọjá báyìí. Kí alẹ́ ṣáà lẹ́.

Mo mọ ìdí tí ìjọba fi fẹ́ràn ẹ̀. Sólà, wọ́n lè tò ó lónìí kí wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù lọ́la, kí wọ́n ya fọ́tò, kí ìdìbò tó dé. Átọ́ọ̀mù ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kọ́ ni yóò gé ríbọ́ọ̀nù ẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn nínú wọn?

Ọjọ́rú, 9 oṣù Keje

Átọ́ọ̀mù pè láti Ẹ̀pẹ́. Baseerah ni, ọmọ mi kan ṣoṣo. Láti ìgbà tó ti wà ní jòjòló ni mo ti ń pè é ní Átọ́ọ̀mù, torí pé ó kéré, igbe ẹ̀ sì lè wó ilé.

Èmi ni mo ní kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ iná átọ́ọ̀mù ní yunifásítì. Ìjọba ló ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ kàwé, ó yege, ó wá jókòó sílé. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe báyìí? Sólà! Ní Ẹ̀pẹ́, ìlú bàbá mi gan-an! Òun ni ẹnjiníà tó ń bójú tó kóòlù-rúùmù, yàrá tútù ẹja, tí ìjọba fi sólà ṣe fún àwọn ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo.

Ó bi mí bóyá kí òun wá gbé páńẹ́lì kékeré kan sórí ilé wa. Mo ní tí mo bá kú, kó gbé e sórí sàréè mi. Ìyá ẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, 11 oṣù Keje

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè kí n tó jáde lọ sí mọ́sálásí. Àlàájà Mùsílímátù, olórí àwọn ẹlẹ́ja ní Ọjà Olúwo. Ọ̀gágun ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni Baseerah ń gbé. Ọ̀dọ̀ wọn náà ló gbé nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Wọ́n ní kóòlù-rúùmù ò tutù mọ́. Ẹja ń rọ̀. Ọ̀bọ̀kún tí wọ́n kó síbẹ̀ ní tútù, tó bá di ọjọ́ kejì ojú ẹ̀ á ti wọnú. Àwọn obìnrin ti ń kùn. "Sàlì, ìwọ tí o máa ń bú sólà kiri, wá wò ó."

Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà parọ́ fún ara mi: inú mi dùn. Ní mọ́sálásí, ọkàn mi ò sí níbi wáàsí rárá. Kóòlù-rúùmù ni mò ń rò. Ẹ̀yìn ìrun ni mo tó rántí pé ọmọ mi ló ń bójú tó o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Keje

Ẹ̀pẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú, mo gbé mítà mi dání, èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láti wọn iná.

Ọ̀gágun ti mọ̀ pé mò ń bọ̀, wọ́n sì ti tún gbogbo ibẹ̀ ṣe. Wọ́n gbálẹ̀. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ àwọn páńẹ́lì tó wà lẹ́yìn ọjà, létí ọ̀sà. Gbogbo ẹ̀ ń dán. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ǹṣì fún mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò nìyẹn. Àlejò ò gbọ́dọ̀ bá ilé wọn ní ìdọ̀tí, ì báà jẹ́ àbúrò wọn lásán.

Àwọn páńẹ́lì náà ò ga. Orí irin tó tó ìbàdí èèyàn ni wọ́n tò wọ́n sí, wọ́n dagun díẹ̀, bíi tábìlì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Ojú ọ̀run ṣú. Mo wọn iná. Ó lọ sílẹ̀ gan-an. Mo fi han Átọ́ọ̀mù. Ó ní, "Dádì, ìkùukùu ló wà lókè." Mo ní, "Ohun tí mò ń sọ láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn."

Ọmọ náà ti rù. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, mo rí i lẹ́nu ẹ̀. Ó wá wo apá ibi tí Ọ̀gágun jókòó sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ká wáyà mítà.

Wọ́n fún mi ní ede, ọ̀rá ńlá kan, kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Keje

Ìyá Baseerah fi ede náà se ìkọ́kọrẹ́. Mo jẹ ẹ́ títí mo fi gbàgbé ìjọba. Ó ní ede yìí ya òun lẹ́nu: ó gbẹ kúkúkú, kò ní òórùn èéfín rárá. Nínú oṣù Keje! Gbogbo ede tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, orí iná ni wọ́n ti gbẹ ẹ́, òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè sá nǹkan. Ó rí fọ́nrán àwọ̀n búlúù kan láàárín ẹ̀, ó yọ ọ́ dà nù.

Lẹ́yìn oúnjẹ a ṣe gbólóhùn asọ̀ díẹ̀. Mo ní ká ní átọ́ọ̀mù ló ń tan iná fún kóòlù-rúùmù yẹn ni, òjò ì báà rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹja ò ní mọ̀. Ó ní: "Tírańsífọ́mà àdúgbò wa ti bàjẹ́ látìgbà wo, Bàbá Baseerah? Wọn ò lè tọ́jú tírańsífọ́mà, ẹ ní kí wọ́n lọ tọ́jú átọ́ọ̀mù." Mo ní ìyẹn yàtọ̀. Ó ní báwo ló ṣe yàtọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú mi.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá èsì. Èsì wà. Àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́ ilé iṣẹ́ átọ́ọ̀mù, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn èèyàn tó máa tọ́jú ẹ̀. Àwa náà kọ́ àwọn èèyàn — ọ̀kan ń bẹ nílé mi — a wá ní kí wọ́n lọ máa to páńẹ́lì lẹ́yìn ọjà ẹja. Kí ló dé tí èsì mi kì í dé àsìkò?

Ọjọ́rú, 16 oṣù Keje

Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọ̀gbẹ́ni Oòrùn ti dá sí i.

Zikrullah ni orúkọ ọkùnrin náà. Òun ni ọ́fíìsì ìjọba ní kó máa rí sí àwọn iṣẹ́ sólà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀wù rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ funfun, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ pé "oòrùn kì í parọ́". Ó ti wá wo ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní àwọn páńẹ́lì mọ́ tónítóní, bátìrì dára, nítorí náà ẹnjiníà ni kò so wáyà dáadáa. Ó ní ìpàdé máa wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ja ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Bí kò bá sẹ́ni tó rí àlàyé míì ṣe níbẹ̀, òun máa yọ Baseerah níṣẹ́, òun á sì kọ ọ́ sínú rìpọ́ọ̀tù pé kò mọṣẹ́.

Ọ̀gágun ní kí n wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. "Wá bá wa sọ pé sólà yẹn ni kò dáa, kí ó má bàa dà bíi pé ọmọ wa ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n sọ." Mo ti gbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Òjò. Òjò. Òjò.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Keje

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ, mo sì ti kà á sókè fún ìyàwó mi. Ó ní ó gùn ju wáàsí lọ. Mo gé ibi tí mo ti bú àwọn aṣòfin. Mo tún dá a padà.

Nǹkan kan wà lọ́kàn mi tí mi ò kà fún un. Bí wọ́n bá yọ Átọ́ọ̀mù níṣẹ́, ṣé ìyẹn burú? Ó kéré tán á fi páńẹ́lì sílẹ̀. Á padà sórí ohun tó kọ́. Àwọn ilé ìwé wà lókè òkun tó ń wá irú ẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ fún un láti ọdún tó kọjá, ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín sí mi ni. Bóyá bí ilẹ̀kùn yìí bá tì mọ́ ọn ló máa tó gbọ́.

Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi. Ọmọ mi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù Keje

Oòrùn! Láti àárọ̀, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Gbogbo Ìjẹ̀dẹ̀ ń sá aṣọ.

Mo pe Átọ́ọ̀mù lọ́sàn-án: báwo ni kóòlù-rúùmù? Ó ní kò tutù. Mo ní iná tó ń wọlé ńkọ́? Ó sọ iye rẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ bíi ti ọjọ́ ìkùukùu.

Inú mi ò dùn bó ṣe yẹ. Ìkùukùu ni ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Lónìí ìkùukùu ò sí. Mo ti ń lọ mo ti ń bọ̀ nínú yàrá láti ìgbà náà, Ìyá Baseerah ní kí n jókòó, òòyì ń kọ́ òun.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù Keje

Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́ láìsọ fẹ́nì kankan. Oòrùn ṣì ń ràn. Átọ́ọ̀mù ti lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà.

Mo gba ẹ̀yìn ọjà wọlé, létí ọ̀sà. Mi ò rí páńẹ́lì. Ede ni mo rí. Ede láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ti ta àwọ̀n àtijọ́, búlúù, sórí àwọn páńẹ́lì kí ede má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n wá tẹ́ ede sórí rẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn obìnrin méjì ń fi ọwọ́ yí i padà. Ọ̀gágun jókòó sábẹ́ agboòrùn, wọ́n ń lé eṣinṣin.

Wọn ò tijú. Kí ni wọ́n fẹ́ tijú sí? Wọ́n kí mi, wọ́n ní mi ò sọ pé mò ń bọ̀, àwọn ì bá ti palẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣàlàyé fún mi tayọ̀tayọ̀: lójò, ilẹ̀ tutù, ewúrẹ́ ń da ede láàmú, èéfín ń ba adùn ẹ̀ jẹ́. Orí páńẹ́lì yìí ga, ó mọ́, ó gbóná. Kó tó di ọ̀sán ede ti gbẹ. Owó tí ò tíì wọlé rí nínú oṣù Keje ń wọlé fún wọn. Bí àlejò bá ń bọ̀, wọ́n á kó o kúrò, wọ́n á fọ ibẹ̀, torí pé òórùn ede ò yẹ àlejò.

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń dí oòrùn mọ́ páńẹ́lì lójú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tísà! Ó ń gba oòrùn, ede náà ń gba oòrùn. Ṣé oòrùn tán ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n so àwọn páńẹ́lì náà pọ̀ ní ìlà-ìlà. Bí ojú ọ̀kan bá dí, kì í ṣe òun nìkan ló máa rọ, gbogbo ìlà náà á rọ pẹ̀lú ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ́ ọmọ èèyàn ní nǹkan tó le ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́. Mo ní ó ti dáa. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo padà sílé.

Ede tí mo jẹ nínú ìkọ́kọrẹ́. Ede yẹn náà ni.

Ọjọ́ Jímọ̀, 25 oṣù Keje

Mi ò lè jókòó. Mo lọ sí Èbúté Ìkòròdú láìní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀, mo ń wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Èkó. Mo padà sílé. Mo tún jáde.

Bí mo bá dákẹ́ lọ́la: sólà á gba ẹ̀bi lójú gbogbo èèyàn, ẹ̀gbọ́n mi ò ní tẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Oòrùn ò ní gba ẹjọ́ ìkùukùu pẹ̀lú oòrùn tó ń ràn yìí, Átọ́ọ̀mù á kúrò nídìí páńẹ́lì, á sì padà sórí átọ́ọ̀mù. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni. Mi ò tiẹ̀ ní parọ́. Màá kàn ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni, òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀.

Bí mo bá sọ̀rọ̀: ẹ̀gbọ́n tó bá mi tọ́ ọmọ ni màá dójú tì láàárín ọjà rẹ̀, kí Ọ̀gbẹ́ni Oòrùn lè rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mi ò mọṣẹ́. Ó sì mọ̀ ọ́n.

Ìyá Baseerah bi mí ní kí ló ń ṣe mí. Mo ní inú ló ń run mí. Ó po àgbo fún mi, mo mu ún. Ó korò gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Keje

Mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Keje

Ó rẹ̀ mí lánàá, mi ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n to àga sí ẹ̀yìn ọjà. Gbogbo ibẹ̀ mọ́, àwọn páńẹ́lì ń dán. Ọ̀gbẹ́ni Oòrùn jókòó síwájú, nínú aṣọ funfun ẹ̀. Átọ́ọ̀mù dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ká ọwọ́ gbera. Ọ̀gágun ní kí n dìde, wọ́n sì ń fi mí yangàn: "Àbúrò mi nìyí, tísà ni, kò sóhun tí kò mọ̀ nípa iná."

Mo mú ìwé mi jáde. Mo tún dá a padà sápò. Mo ní iṣẹ́ tí ọmọ yìí ṣe ò ní àbùkù kankan, ede ló wà lórí ẹ̀.

Zikrullah ní, "Ede bíi ti báwo, Bàbá? Mo ti wá síbí, mo rí i pé ó mọ́." Mo ní, "Ó mọ́ torí pé ẹ̀ ń bọ̀." Mo tọrọ ìborùn lọ́wọ́ obìnrin kan, mo dá a bo ẹyọ páńẹ́lì kan ṣoṣo, mo wọn iná ìlà náà lójú gbogbo wọn. Ó já wálẹ̀. Mo ká ìborùn kúrò, ó gòkè. Mo tún ṣe é. Obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Yéè! A ti fi ede pa ẹja!" Ni ariwo bá ta. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bi ara wọn ta ló kọ́kọ́ gbé ede síbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ẹni náà.

Ọ̀gágun dìde. Wọ́n wò mí, wọn ò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni. Wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n rìn gba àárín àwa tó wà níbẹ̀ kọjá lọ sílé.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù. Mo ní kí wọ́n fetí sílẹ̀, pé tí ede bá tiẹ̀ kúrò, òjò ń bẹ, alẹ́ ń bẹ, ìjọba sì ń fi wá ṣeré. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ede ni gbogbo wọn ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ṣì wà lápò mi.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Keje

Mo pe Àǹtí mi. Wọn ò gbé e. Mo tún pè. Wọ́n pa fóònù.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Keje

Átọ́ọ̀mù wá sílé. Wọn ò yọ ọ́ níṣẹ́. Kóòlù-rúùmù ti tutù, ẹja ti le bí òkúta. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ àga mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré.

Ó ti mọ̀ nípa ede náà tipẹ́tipẹ́. Ó ti sọ fún Ọ̀gágun, wọ́n gbà, wọ́n kó o kúrò. Bó bá ti lọ síbi iṣẹ́ míì, wọ́n á tún kó o padà. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún ọ̀gá ẹ̀. Ó ní, "Màmá Ẹ̀pẹ́ ló ń jí mi ṣe sààrì, Dádì. Àwọn ló ń di irun mi lọ sílé ìwé. Ṣé kí n kọ orúkọ wọn sínú rìpọ́ọ̀tù?" Ó ti pinnu láti gba ẹ̀bi náà.

Ó wá ní, "Ẹ ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní ẹ wá, ẹ dúró wò ó, ẹ sì lọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹjọ

Òjò ṣú bo gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Kò sí ede lórí páńẹ́lì, kò sì sí oòrùn náà. Bátìrì ò kún. Nígbà tó di Jímọ̀ wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹja má baà bàjẹ́. Átọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ ló pè láti sọ fún mi. Ó ní, "Ẹ jàre, Dádì. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn pé sólà nìkan ò lè dá a gbé, pé a nílò ohun tí kì í sùn." Mo ní kí ni wọ́n sọ. Ó ní wọ́n ní àwọn máa fi páńẹ́lì kún un.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi o. Ẹnì kan kọ ọ́ síbì kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹjọ

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ èyí?

Átọ́ọ̀mù ń lọ. Kòríà. Ilé ìwé gíga kan ti gbà á láti kọ́ nípa iná átọ́ọ̀mù, wọn á sì máa sanwó fún un. Láti oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti gbà á! Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun fẹ́ lọ, tàbí èmi ni mo fẹ́ kí òun lọ.

Mo ní kí ló wá yí i lọ́kàn padà. Ó wo ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ ìpàdé yẹn. Mo ti mọ̀ pé ẹ ti rí ede náà. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò yín. Ká ní ẹ dákẹ́ ni, mi ò ní lọ láéláé. Màá ti mọ̀ pé ẹ lè tà mí nítorí átọ́ọ̀mù yín. Ẹ wá sọ̀rọ̀. Ọkàn mi balẹ̀."

Ìyẹn ni pé dídákẹ́ tí mo fẹ́ dákẹ́ kó lè lọ, òun ni ì bá dá a dúró. Sísọ tí mo sọ kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbí, òun ló ń gbé e lọ. Mo ti ń gbàdúrà fún ọjọ́ yìí láti ìgbà tó ti gba ìwé ẹ̀rí. Ìyá ẹ̀ wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mo kí ọmọ mi kú oríire.

Mi ò fẹ́ kó lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kó ṣe é níbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù Kẹjọ

Àǹtí mi fi ede ránṣẹ́! Ọ̀rá kékeré. Átọ́ọ̀mù ló kan páànù dúdú sórí igi gíga fún wọn, jìnnà sí páńẹ́lì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá a báyìí. Ede náà ò gbẹ tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ọ̀rinrin díẹ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n gbé e. Wọ́n ní, "Sàlì, ṣé o rí i? Ìwọ ló fà á." Mo ní ẹ má bínú, Àǹtí mi. Wọ́n ní kí n jẹ ede mi bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kẹjọ

Átọ́ọ̀mù gbé páńẹ́lì sórí ilé wa. Kò tọrọ àyè. Èmi ni mo di àkàbà mú fún un. Ó fi bí wọ́n ṣe ń nù ún hàn mí: aṣọ rírọ̀, omi, má fi ọṣẹ sí i, ní gbogbo Àbámẹ́ta. Mo ní mo mọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹsàn-án

Pápákọ̀ òfurufú. Mo bi í ní ìgbà wo ló máa padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. "Ìgbà tí wọ́n bá kọ́ ilé átọ́ọ̀mù yín, Dádì."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹsàn-án

Mo gòkè lọ nu páńẹ́lì. Ó mọ́ tẹ́lẹ̀, mo nù ún síbẹ̀síbẹ̀. Láti orí òrùlé, àwọn wáyà ńlá yẹn ò jìnnà sórí mi mọ́, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn lọ sí Èkó.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Iná ìjọba ò sí. Rédíò ń sọ̀rọ̀, páńẹ́lì ọmọ mi ló ń gbé e. Ọkùnrin ọjọ́sí ló tún wà lórí ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé sólà dé àwọn ọjà míì, oòrùn Ọlọ́run, ọ̀fẹ́ ni. Mi ò pariwo. Mo bi í ní jẹ́jẹ́ pé, átọ́ọ̀mù ńkọ́?

Ìyá Baseerah jáde láti ilé ìdáná. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga, ó jókòó ti rédíò náà, ó ń dúró de èsì.